Ọ̀nà Ni Ayélujára, Kì í Ṣe Àká

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ ara wa lójú ewé yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Kò sí ẹni tí ó ń ka ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí tí kò ní fóònù lápò. Fóònù náà ni olùkọ́, òun ni báǹkì, òun ni àpótí lẹ́tà, òun ni ìwé atúmọ̀ èdè, òun náà sì ni ó ń jí wa fún ìrun àsùbáà tàbí fún ìsìn òwúrọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a fẹ́ bú ẹ̀rọ ayélujára o. Orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti gba fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ yìí, orí rẹ̀ náà ni a ti rí orúkọ wa láàárín àwọn tí wọ́n mú. Bí a bá ní kí gbogbo wa padà sí ayé lẹ́tà àti sítáǹbù, irọ́ ni a ń pa. Àwa tí a ń kọ èyí gan-an kò lè ṣe é. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀nà ni ayélujára, kì í ṣe àká. Ọ̀nà ni à ń gbà lọ sí oko tí à ń gbà bọ̀, ṣùgbọ́n inú àká ni à ń kó àgbàdo sí. Ẹni tí ó bá kó àgbàdo rẹ̀ jọ sí ojú ọ̀nà tí ó sì lọ sùn, ẹ̀yin náà mọ ohun tí yóò bá ní òwúrọ̀. Àwọn àgbà sì ti wí tẹ́lẹ̀ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

NÍGBÀ TÍ FÓÒNÙ DÁKẸ́

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, nítorí náà ìpínlẹ̀ Kàdúná yìí ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 2021 kò rọ̀ wá lọ́rùn níhìn-ín rárá. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún náà, àwọn ajínigbé wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Afaka, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa iṣẹ́ igbó, wọ́n sì kó akẹ́kọ̀ọ́ 39 lọ. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje, wọ́n wọ ilé ìwé Bethel Baptist ní Damishi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Chikun, wọ́n kó ọmọ 121. Ọmọ ilé ìwé bíi tiwa ni gbogbo wọn. Orí fóònù ni àwọn ajínigbé ti ń bá àwọn òbí dúnàádúrà owó ìdásílẹ̀, orí fóònù náà ni àwọn olófòófó ti ń ta wọ́n lólobó pé àwọn ọmọ ogun ti gbéra. Ìdí nìyí tí àwọn aláṣẹ fi rò ó pé bí a bá gé ọ̀nà náà, ọwọ́ yóò tẹ̀ wọ́n.

Ìpínlẹ̀ Zamfara ni ó kọ́kọ́ kàn. Láti ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án, wọ́n pàṣẹ fún àwọn ilé iṣẹ́ fóònù pé kí wọ́n pa gbogbo òpó wọn tí ó wà níbẹ̀. Láàárín oṣù kan náà, ó kan apá kan ní Katsina, ó kan apá kan ní Sókótó. Lẹ́yìn náà ni ó wá kan wa. Gómìnà Nasir El-Rufai sọ ọ́ lórí rédíò pé ìjọba òun ti béèrè fún un ní àwọn agbègbè kan. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án, kọmíṣọ́nnà rẹ̀ fún ètò ààbò, Samuel Aruwan, kéde àwọn òfin tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ọ̀kadà kò gbọdọ̀ rìn mọ́ fún oṣù mẹ́ta. Kẹ̀kẹ́ NAPEP kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ṣáájú agogo 6 òwúrọ̀, kò sì gbọdọ̀ kọjá agogo 7 alẹ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ká aṣọ tí wọ́n ta sí ara rẹ̀ kúrò. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta epo bẹntiróòlù sínú kẹ́ẹ̀gì. Ọjà ọ̀sẹ̀ Kawo di títì pẹ̀lú àwọn ọjà ọ̀sẹ̀ mìíràn ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ bíi Birnin Gwari, Giwa, Igabi, Chikun àti Kajuru. Ní àwọn apá kan ní ìpínlẹ̀ náà, fóònù di igi ṣáákú. Ó di ìparí oṣù kọkànlá kí nẹ́tíwọ̀kì tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà.

A kò jókòó láti dá ẹjọ́ náà. Àwọn kan ní òfin náà dára nítorí pé ó fi ìyà jẹ àwọn ajínigbé. Àwọn mìíràn ní ará abúlé tí ajínigbé ká mọ́lé kò rí fóònù fi ké gbàjarè mọ́, èyí náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Idà olójú méjì ni. Ohun tí ó kan ẹ̀kọ́ tiwa ni pé ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ó lè dúró àti ẹni tí ó ṣubú ní irú àkókò bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo oníṣòwò tí gbogbo owó rẹ̀ wà ní báǹkì, tí kò sí náírà kan nílé. Kò tíì di òtòṣì, ṣùgbọ́n kò lè ra iyọ̀. Ẹ̀rọ POS kò lè ṣiṣẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ̀kì kò sí. Ẹ wo ọmọ tí ó wà nílé ẹ̀kọ́, tí kò mọ nọ́ńbà ìyá rẹ̀ lórí, tí ó jẹ́ pé orúkọ "Mọ́mì" ni ó máa ń tẹ̀. Bí bátìrì fóònù bá kú, ìyá náà di ẹni tí kò ṣeé rí. Ẹ wo ẹni tí àwọn ènìyàn jẹ ní gbèsè, tí ó jẹ́ pé inú WhatsApp ni ẹ̀rí wà. Ní ìdàkejì, ẹ wo ìyá arúgbó tí ó ń ta àkàrà, tí ó fi ẹfun ṣá àmì gbèsè oníbàárà sí ara ògiri. Ìyá náà kò pàdánù kọ́bọ̀. Ìròyìn sì kàn wá láti Zamfara nígbà náà pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń wọ ọkọ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn kí wọ́n tó lè fi fóònù bá ará ilé wọn sọ̀rọ̀. Rédíò ni ó di ọ̀rẹ́ gbogbo ayé. Rédíò tí àwa ọ̀dọ́ ń pè ní nǹkan àwọn bàbá!

Ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn kan náà. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram kú fín-ín-fín ní gbogbo àgbáyé fún bíi wákàtí mẹ́fà. Ẹni tí ó wà ní Kàdúná lọ́jọ́ náà lè rò pé ìjọba ni ó tún ṣe é, ṣùgbọ́n ìjọba kankan kò lọ́wọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀tá. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà ni wọ́n ń tún ẹ̀rọ wọn ṣe, tí àṣẹ kan tí wọ́n pa fún un sì ṣì í lọ́nà, ni gbogbo rẹ̀ bá gé. Bí ọwọ́ onílé bá lè ṣèèṣì ti ilẹ̀kùn mọ́ onílé síta, kí ni kí àlejò ṣe?

OKÙN ÌSÀLẸ̀ ÒKUN

Níbo gan-an ni ọ̀nà yìí gbà dé Kàdúná, ìlú tí kò ní òkun? Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ojú ọ̀run ni, pé sátẹ́láìtì ni ó ń gbé gbogbo rẹ̀. Díẹ̀ ni ti sátẹ́láìtì nínú ọ̀rọ̀ náà. Èyí tí ó pọ̀ jù ń gba ìsàlẹ̀ òkun kọjá nínú àwọn okùn gígùn. Inú okùn náà ni àwọn fọ́nrán gíláàsì wà, fọ́nrán kan kò nípọn ju irun orí lọ, ìmọ́lẹ̀ ni ó sì ń gbé ọ̀rọ̀ gba inú wọn. Láti Yúróòpù ni àwọn okùn wọ̀nyí ti ń bọ̀, tí wọ́n ń tọ etí òkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà títí wọ́n fi dé Èkó. Ọ̀kan nínú wọn ni MainOne, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2010, tí gígùn rẹ̀ tó 7,000 kìlómítà láti orílẹ̀-èdè Portugal. Ọmọ Yorùbá, obìnrin, ni ó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, Funke Opeke, ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa iná mọ̀nàmọ́ná ní Yunifásítì Ifẹ̀. (Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ, ẹ gbọ́ o.) Láti Èkó, wọ́n á tún gba inú okùn mìíràn tí wọ́n rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì wá sí àríwá. Bí katakata tí ó ń tún títì ṣe bá wa ilẹ̀ jù, ó gé nìyẹn.

Ní ọjọ́ Alámísì, ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin ni ó bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nínú òkun, ní agbègbè Abidjan ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne ni orúkọ wọn. Ilé iṣẹ́ MainOne sọ pé ó jọ pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ni ó mì. Kò sí ẹni tí ó pàṣẹ, kò sí ẹni tí ó jagun. Síbẹ̀, láti Ghana dé Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, iṣẹ́ báǹkì dẹnu kọlẹ̀, fóònù ń fà bí ìgbín. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ní láti rán lọ kí ó lọ fa okùn náà sókè láti ìsàlẹ̀ omi kí wọ́n tó so ó, ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni. Ilẹ̀ mì nínú òkun Abidjan, oní-POS tí ó jókòó sí Kakuri, tí kò rí òkun rí láyé rẹ̀, lè jìyà rẹ̀.

Ti owó náà wà níbẹ̀. A kò ní pẹ́ lórí èyí nítorí gbogbo wa ni a jẹ nínú rẹ̀. Nígbà tí báǹkì àpapọ̀ pààrọ̀ àwọ̀ náírà ní ìparí ọdún 2022, tí owó sì di ọ̀wọ́n gógó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, wọ́n ní kí a máa fi fóònù sanwó. Gbogbo orílẹ̀-èdè wọ́ sí ojú ọ̀nà kan ṣoṣo lọ́jọ́ kan náà, ọ̀nà sì dí. Owó á kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó rán an, kò ní dé ọwọ́ ẹni tí ó ń retí rẹ̀, oúnjẹ á sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Ìpínlẹ̀ Kàdúná yìí wà lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ lórí ọ̀rọ̀ náà, pẹ̀lú Kogi àti Zamfara. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 2023, ilé ẹjọ́ dá a pé kí a máa ná owó àtijọ́ lọ títí di ìparí ọdún náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò tí ó ṣe ìdánwò JAMB ní ọdún 2025 kò ní gbàgbé ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún. Ọjọ́ náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede sunkún ní gbangba, nítorí pé àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ẹ̀rọ tí ó ń gba ìdáhùn kò dé àwọn ibùdó kan ní Èkó àti ní ìlà oòrùn gúúsù. Ọmọ 379,997 ni wọ́n ní kí ó tún ìdánwò ṣe. Àwọn ọmọ náà kàwé, wọ́n dáhùn, ẹ̀rọ ni kò gbé ìdáhùn wọn jíṣẹ́. A sì yin ọ̀gá náà pé ó jẹ́wọ́, nítorí ẹ̀rọ kì í jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀.

ÌWÉ TÍ Ó SỌNÙ NÍ ÌLÚ ỌBA

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí a lọ sí ayé àwọn baba wa, nítorí pé ohun tí ó ń dẹ́rù bà wá lórí ayélujára ti ṣẹlẹ̀ sí Yorùbá rí nígbà tí kò sí ayélujára. Ìtàn yìí ni ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lọ́wọ́ gbọ́.

Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ṣiṣẹ́ Ọlọ́run ní ìlú Ọ̀yọ́, fi ọ̀pọ̀ ọdún kó ìtàn Yorùbá jọ. Ó bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀, ó bá àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́ sọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tí wọ́n rán níṣẹ́ láti parí ogun Kírìjí. Ní ọdún 1897, ó parí ìwé náà. Ó fi í ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní Ìlú Ọba. Ó dúró, kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n wá fèsì, wọ́n ní àwọn kò rí ìwé náà mọ́, pé bí ó bá fẹ́, àwọn yóò san owó rẹ̀. Owó kè! Ta ni yóò díye lé ìtàn odidi ìran? Samuel Johnson kú ní ọdún 1901, ìwé náà kò sì jáde.

Kí ni ó gba ìwé náà là? Àwọn ìwé àkọsílẹ̀ tí ó fi há àpótí nílé ni. Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò rẹ̀, tí ó jẹ́ oníṣègùn ní Èkó, kó àwọn ìwé jáńjálá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, ó jókòó tì wọ́n, ó sì tún gbogbo ìwé náà kọ. Nígbà tí ó tún rán an lọ sí Ìlú Ọba ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1916, inú ọkọ̀ ojú omi Appam ni ìwé náà wà nígbà tí ọkọ̀ ogun Jámánì kan mú un lójú agbami, tí wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó pẹ́ kí ìwé náà tó dé ọwọ́ òǹtẹ̀wé. Nígbà tí ó dé, ogun ti sọ pépà di wúrà. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde. Obadiah pàápàá kò rí i, ó ti kú ní ọdún 1920.

Ká ní Samuel Johnson jẹ́ ẹni tí ó rán ẹyọ kan ṣoṣo tí ó ní lọ, tí kò sì fi ẹ̀dà kankan sílé, ọ̀pọ̀ ohun tí a mọ̀ lónìí nípa Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni ì bá ti bọ́ sọnù. Nígbà tí a bá sì kọ iṣẹ́ àṣekágbá wa sí inú í-meèlì, tí a ní "ó ti wà níbẹ̀", àpótí tí ó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ní ìlú tí a kò dé rí, ni a fi í sí. Bí a bá gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà, bí wọ́n bá jí nọ́ńbà fóònù wa, bí ilé iṣẹ́ náà bá ní àwọn kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, ta ni a ó lọ bá? Òǹtẹ̀wé ti ìgbà náà tilẹ̀ dá Johnson lóhùn.

OHUN TÍ KÒ SÍ NÍBẸ̀

A ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo ìmọ̀ ni ó wà lórí ayélujára, pé kìkì ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀nà lè dí. Ó tì o. Ẹ jẹ́ kí a fi ìlú tí a wà yìí ṣe àpẹẹrẹ.

Ilé àkójọ ìwé àtijọ́ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Kàdúná níhìn-ín, ọ̀kan nínú mẹ́ta àkọ́kọ́ ni pẹ̀lú ti Ìbàdàn àti ti Enugu. Nígbà ayé àwọn òyìnbó, abẹ́ Àríwá ni Ìlọrin àti Kabba wà. Nítorí náà, ìwé tí àwọn aláṣẹ ìgbà náà kọ nípa Ìlọrin, nípa Ọ̀fà, nípa àwọn Ìgbómìnà àti àwọn ará Ọ̀kun, Kàdúná ni púpọ̀ nínú wọn wà, kò sí ní Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ oyè, ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀, ọ̀rọ̀ owó orí, gbogbo rẹ̀ ni ó wà nínú páálí. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò sí lórí ayélujára. Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀fà, ẹ̀yin ọmọ Òmù-Àrán, tí ẹ ń tẹ orúkọ ìlú yín sí Google tí ẹ ń rí ìlà mẹ́rin péré, ìtàn ìlú yín wà nínú ìlú tí ẹ ti ń kàwé, ìrìn kẹ̀kẹ́ NAPEP ni. Arewa House náà kò jìnnà. Ilé tí Sàárdáúnà Ahmadu Bello gbé ni, ibẹ̀ ni wọ́n pa á sí ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966. Láti ọdún 1970 ni Yunifásítì Ahmadu Bello ti sọ ọ́ di ilé ìwádìí ìtàn, ilé ìkówèésí sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá gbà pé ohun tí Google kò mọ̀ kò sí láyé, kò ní gba ẹnu ọ̀nà ilé méjèèjì wọ̀nyí wọlé láéláé.

Èyí tí ó wà níbẹ̀ pàápàá, ẹ jẹ́ kí a fi ojú sí i. Ẹ wo Yorùbá tí wọ́n ń kọ sí orí ayélujára, èyí tí kò ní àmì ohùn. "Igba" ni gbogbo rẹ̀. Ṣé igba tí a ń kà ni, tàbí ìgbà tí ó ń lọ, tàbí igbá tí a fi ń bu omi, tàbí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ? Ẹni tí ó gbọ́ èdè yóò mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí wọ́n bí sí Kàdúná, tí ó ń sọ Hausa níta tí ó sì ń sọ Òyìnbó nílé, tí ó fẹ́ ti ibẹ̀ kọ́ èdè ìyá rẹ̀, kí ni yóò mú níbẹ̀? Fún ìgbà pípẹ́ ni ẹni tí ó bá tẹ "Èṣù" sí Google láti túmọ̀ rẹ̀ máa ń rí "Sátánì". Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n mọ̀ pé òrìṣà tí ó wà ní oríta kì í ṣe Sátánì inú Bíbélì figbe ta. Ẹ̀rọ náà kò dédé hùmọ̀ rẹ̀. Ìtumọ̀ Bíbélì láti ayé Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ni ó ti fi orúkọ náà pe Sátánì. Ohun tí a bá kọ́ ẹ̀rọ ni yóò kà fún wa padà, pẹ̀lú ìdánilójú.

Ìdánilójú yìí gan-an ni ó léwu jù nínú àwọn ẹ̀rọ tí ń dáhùn ìbéèrè, irú bíi ChatGPT. Ní New York ní ọdún 2023, àwọn agbẹjọ́rò kan kó àwọn ẹjọ́ tí ẹ̀rọ náà kà fún wọn lọ síwájú adájọ́. Adájọ́ wá a, kò rí i. Kò sí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láyé, ẹ̀rọ ni ó hun ún. Wọ́n bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé wọn. Bí agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà bá lè jìn sí irú kòtò yìí, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ iṣẹ́ olùkọ́ ní agogo 2 òru ń kọ́? Ẹ bi í ní òwe Yorùbá mẹ́wàá kí ẹ sì kà wọ́n fún ìyá àgbà kan. Ẹ ó rí i bí ojú ìyá náà yóò ṣe rí nígbà tí ẹ bá dé orí èyí tí ẹnikẹ́ni kò pa rí.

IṢẸ́ ṢÍṢE

Nígbà tí a wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bí ẹ̀kọ́ bá parí, iṣẹ́ ṣíṣe ni ó kàn. A ó ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan kí ìpàdé wa tí ó ń bọ̀ tó pé, ẹ pa fóònù yín fún wákàtí kan, ẹ mú bébà àti kálàmù, kí ẹ dáhùn láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ènìyàn mẹ́ta tí wọ́n lè wá gbé yín bí ara yín kò bá yá. Ẹ kọ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ yín ní ilé ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ ka iye owó tí ẹ lè fi ọwọ́ mú lójú ẹsẹ̀ láìlọ sí ọ̀dọ̀ oní-POS, kí ẹ sì wò ó bóyá ó tó owó ọkọ̀ dé ilé. Ẹ kọ orúkọ àwọn ìlú tí ọkọ̀ yóò gbà kọjá láti Kàdúná títí dé ìlú yín, ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé. Ẹ kọ ibi mẹ́ta tí ẹ̀dà iṣẹ́ àṣekágbá yín wà. Í-meèlì ṣì jẹ́ ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ ni fláàṣì, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí a tẹ̀ sórí pépà. Lákòótán, ẹ kọ oríkì orílẹ̀ yín, ó kéré tán ìlà márùn-ún, pẹ̀lú àmì ohùn.

Kí olúkúlùkù mú bébà tirẹ̀ wá sí ìpàdé. Ẹni tí kò bá mọ oríkì rẹ̀, kí ó ti pe ilé kí ó tó dé, nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì ṣì wà.